Nígbà Tí Ilé-Iṣẹ́ Bá Ti Jáwọ́: Ta Ló Ń Tọ́jú Kíbọ́ọ̀dù Àtijọ́?

Ẹni tó bá ní Juno-106 nílé, kíbọ́ọ̀dù tí Roland gbé jáde ní 1984, kò ní ṣàì mọ àìsàn kan tó máa ń ṣe é. Ohùn mẹ́fà ni ẹ̀rọ náà ní, ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà péré ló lè dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá pẹ́ títí, ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà, tàbí kó dákẹ́ pátápátá: èèyàn á tẹ kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà tẹ̀lé ara wọn, márùn-ún á dún, ìkẹfà á yadi. Ẹni tó fẹ́ mọ èyí tó ń ṣàìsàn á di bọ́tìnì Key Transpose mú kó tó tan iná. Ẹ̀rọ á bọ́ sípò àyẹ̀wò, kọ́kọ́rọ́ yòówù tó bá tẹ̀, nọ́ńbà ohùn tó jẹ́ ẹ á yọ lójú rẹ̀, láti 1 dé 6. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà 4 ni pàràpàrà ti ń wá, ó ṣeé ṣe jù lọ pé ṣíìpù 80017A tó wà nípò kẹrin ló ti lọ.

Ohun tó ń pa ṣíìpù yìí kì í ṣe iṣẹ́ àṣejù. Oje dúdú kan ni wọ́n dà bò ó nílé iṣẹ́ kí nǹkan má bàa kàn án. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, oje náà ń gbé iná kọjá níbi tí iná kò gbọ́dọ̀ gbà. Roland kò ní òmíràn nílẹ̀ mọ́ láti tà. Àwọn tó ní ẹ̀rọ náà ló wá ojútùú fúnra wọn: wọ́n á jó lẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́sẹ̀ ṣíìpù, wọ́n á rì í sínú acetone, ohun kan náà tí wọ́n fi ń nu àwọ̀ èékánná, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí oje á fi rọ̀, wọ́n á ha á kúrò, wọ́n á sì lẹ ṣíìpù padà. Ọ̀pọ̀ ló ń jí. Èyí tí kò bá jí, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké kan ti ń ṣe àfirọ́pò rẹ̀ tà. Ẹnì kankan ní Roland kọ́ ló kọ́ wọn.

Ibí yìí gan-an ni awuyewuye tó ń lọ láàárín àwọn tó ní ohun èlò orin oníná àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Japan ti ṣẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó jáde ní ọdún 1970 sí 1985 ti pé 40 ọdún ó kéré tán báyìí, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti lé ní 50. Owó gọbọi ni wọ́n fi ń rà wọ́n, ohùn wọn kún inú àwo orin káàkiri ayé, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ inú wọn ń fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn sì ti kú. Kí ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n jẹ ẹni tó ń tọ́jú wọn? Agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ lè dáhùn pé àwọn kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan: ẹni tó ra Juno-106 lónìí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti rà á, kọ́bọ̀ kò bọ́ sápò Roland níbẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ èrò tèmi ni pé ohun tí àwọn èèyàn yìí ń béèrè kéré sí ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń sá fún. Èyí tó ń ná ilé-iṣẹ́ lówó jù, ìyẹn kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà ní tuntun kí wọ́n tún un tà, ni wọ́n ń sáré ṣe. Èyí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wọn ní nǹkan, ìyẹn ìwé ìtúnṣe àti kóòdù inú ẹ̀rọ, ni wọ́n ń há mọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ sípíà. Ní Japan, Yamaha máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé òun á tọ́jú àwọn ẹ̀yà tí ẹ̀rọ orin oníná nílò láti ṣiṣẹ́ fún ọdún 8, ó kéré tán, lẹ́yìn tí òun bá ti ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ náà. Àdéhùn tó dára ni. Ẹ wá fi wo DX7, kíbọ́ọ̀dù Yamaha kan tó jáde ní 1983. Wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró kí àwọn ọdún 1980 tó parí. Àdéhùn ọdún 8 yẹn ti kú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá DX7 rà lónìí tó dáyé.

Èyí ìbá má jẹ́ ìṣòro bó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà nínú DX7 ni wọ́n ń tà lọ́jà. Kápásítọ̀ wà, bọ́tìnì wà, bátìrì CR2032 tó ń dáàbò bo oríṣi ohùn 32 tí wọ́n tò pa mọ́ sínú rẹ̀ wà ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi jó o mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn lè yọ lásán. Ṣùgbọ́n ohùn gan-an, inú ṣíìpù méjì tí Yamaha ṣe fún ara rẹ̀ ló ti ń wá, YM21280 àti YM21290. Kò sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti ń rọ irú wọn. Bí ọ̀kan bá kú, àfi kí wọ́n lọ wá DX7 mìíràn tí nǹkan mìíràn ti bàjẹ́ lára rẹ̀, kí wọ́n yọ tòun sínú eléyìí. Àwọn oníṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù nílé wa mọ ọgbọ́n yìí dunjú. Bí PSR tòkunbọ̀ kan, kíbọ́ọ̀dù Yamaha tí àwọn ìjọ ń lò, bá ti kọ̀ǹdẹ́mù, kò sẹ́ni tó ń jù ú nù, torí rọ́bà dúdú abẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè gba ẹlòmíràn là lọ́jọ́ Sátidé tí ìsìn ku ọ̀la. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé PSR pọ̀ nílẹ̀, àwọn DX7 tó ṣẹ́ kù sì ń dín kù.

Ti bátìrì ló tún burú jù fún Polysix, tí Korg ṣe ní 1981. Bátìrì tó ń gba iná sára ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì jó o mọ́ pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní KLM-367, pánẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Bátìrì bá darúgbó, omi inú rẹ̀ ń jò. Omi yìí ń jẹ bàbà. Ẹni tó bá ṣí Polysix tí wọn kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ pípẹ́ á rí eruku aláwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé lórí pánẹ́ẹ̀lì, á rí i pé àwọn ojú ọ̀nà bàbà tín-ín-rín tó ti abẹ́ ṣíìpù kan lọ sí òmíràn ti já, àwọn ẹsẹ̀ ṣíìpù ti dúdú. Ọtí kíkan ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kí agbára omi náà lè kú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi mímọ́ ṣàn án, wọ́n á gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá jókòó ti àwòrán sákíìtì, wọ́n á máa fi wáyà rọ́pò ojú ọ̀nà tó já, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹ kíyè sí i: ẹni tí kò bá ní àwòrán sákíìtì kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ibi tí ojú ọ̀nà tó ti jẹrà ń lọ tẹ́lẹ̀. Ìwé àwọn oníṣẹ́ yìí, tí Korg kọ fún àwọn aṣojú rẹ̀ ní nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn, ló ń gba àwọn Polysix là.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Japan kì í fi ìwé ìlò pa mọ́. Yamaha, Roland àti Korg ti gbé ìwé ìlò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, a sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún un. Ìwé ìlò nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí, àmọ́. Ìwé ìtúnṣe, èyí tí àwòrán sákíìtì àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún ohùn ṣe wà nínú rẹ̀, ni wọn kì í fẹ́ fi síta. Ìdí tí àwọn kan ń fi sílẹ̀ ni pé àwọn aláfarawé á jí i lò. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àlá lásán: ní 2018, ilé-iṣẹ́ Behringer ti ń ta Model D, ẹ̀rọ tó gba ìrísí sákíìtì Minimoog, kíbọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ Moog ti Amẹ́ríkà ṣe láti 1970 sí 1981, ó sì ń tà á ní ìdá díẹ̀ nínú iye tí ojúlówó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú. Ọdún 20 péré ni àṣẹ oníǹkan (patent) máa ń wà lórí ohun tuntun téèyàn ṣẹ̀dá. Ti àwọn ọdún 1970 ti pari tipẹ́. Ìwé ìtúnṣe Minimoog sì wà lọ́wọ́ ẹni gbogbo, ẹ̀dà orí ẹ̀dà, tí ojú ìwé mìíràn kò ṣeé kà dáadáa mọ́. Ẹni tó fẹ́ jí i ti jí i. Ẹni tí wọ́n ń fi ìwé tó mọ́ dù ni ẹni tó ń tún ẹyọ kan ṣoṣo ṣe nínú yàrá rẹ̀.

Korg fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé ilé kò ní wó. Nígbà tó ṣe ẹ̀rọ kékeré monotron ní 2010, ó gbé àwòrán sákíìtì rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Ó ń ta ẹ̀rọ náà lọ, àwọn èèyàn ń tú u, wọ́n ń so wáyà mọ́ ọn, wọ́n sì ń rà á sí i. Ẹni tó tún ṣe ju ìyẹn lọ ni Émilie Gillet, obìnrin ará Faransé tó dá ilé-iṣẹ́ Mutable Instruments sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú kóòdù àti àwòrán àwọn ohun tó ṣe ló fi síta lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó ṣì ń tà wọ́n. Ní 2022 ó ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Kò sẹ́ni tó sunkún pé ẹ̀rọ òun ti di òrukàn, torí ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ lè tún un ṣe, ó tilẹ̀ lè rọ òmíràn láti ilẹ̀.

DX7 pàápàá jàǹfààní irú ìwà ọ̀làwọ́ bẹ́ẹ̀, bóyá Yamaha rò ó bẹ́ẹ̀ tàbí kò rò ó. Inú ìwé ìlò rẹ̀ ni wọ́n tẹ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń to ìsọfúnni ohùn kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ń fi í ránṣẹ́ gba ojú MIDI, ìlànà tí àwọn ohun èlò orin oníná fi ń bá ara wọn àti kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bátìrì ì báà kú, ohùn 32 ì báà pa rẹ́, wọ́n á so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á dá wọn padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. MIDI gan-an, tí Dave Smith ti ilé-iṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù Sequential ní Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi, olùdásílẹ̀ Roland, jọ ṣe baba ìsàlẹ̀ fún, dé sọ́jà ní 1983. Àwọn méjèèjì gba àmì ẹ̀yẹ Grammy nítorí rẹ̀ ní 2013. Ìlànà tí gbogbo wọn fọwọ́ sí tí wọ́n sì fi síta ni, ìdí nìyẹn tí kíbọ́ọ̀dù tó ju 40 ọdún lọ ṣì fi ń bá kọ̀ǹpútà òde òní sọ̀rọ̀.

Orúkọ Dave Smith mú wa dé ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ń jẹ́ Prophet-5, tó jáde ní 1978, ní ohùn márùn-ún, ohùn kọ̀ọ̀kan sì ní orísun dídún méjì. Láti ẹ̀dà kẹta, tó dé ní 1980, ṣíìpù CEM3340 ni orísun dídún yìí, mẹ́wàá lápapọ̀ nínú ẹ̀rọ kan. Doug Curtis ló ṣe ṣíìpù náà ní Kalifọ́níà. Ó wà nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù mìíràn náà: ó wà nínú Oberheim OB-Xa, ó wà nínú Memorymoog, ó wà nínú SH-101 ti Roland. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù oní-kọ̀ǹpútà gba ọjà, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Curtis kú ní 2007. Láàárín àkókò yẹn, ẹni tí 3340 rẹ̀ bá jó, inú àpótí àlòkù ló ti ń wá òmíràn, owó tí wọ́n sì ń pè lé e kì í ṣe kékeré.

Ní 2016, ilé-iṣẹ́ tí Curtis fi sílẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe CEM3340. Ilé-iṣẹ́ Alfa ní ìlú Riga, lórílẹ̀-èdè Latvia, ti ní tirẹ̀, AS3340. CoolAudio, tó jẹ́ ti àwọn Behringer, ní V3340. Lójijì, ohun tó ti di góòlù di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rà. Ẹ má sì rò pé àánú àwọn tó ní Prophet-5 ló ṣe wọ́n. Àwọn tó ń ṣe synthesizer tuntun, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù tó ń fi iná ṣẹ̀dá ohùn fúnra rẹ̀, ló ń béèrè fún un, àwọn tó ní ẹ̀rọ àtijọ́ kàn jẹ nínú rẹ̀ ni. Nínú gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ kankan ti ṣe fún wọn láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí, n kò rí èyí tó wúlò tó ìyẹn.

Ẹ fi wé àtúnṣe tuntun tí wọ́n ń fi ariwo gbé jáde. Minimoog padà wá ní 2016 àti 2022, Prophet-5 ní 2020, Oberheim OB-X8 ní 2022. Ohun tó dùn ún gbọ́ ni wọ́n, n kò lòdì sí wọn. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ràn lọ́wọ́ nínú àwọn tó ní ti àtijọ́? MS-20 tí Korg ṣe ní 1978 padà dé ní 2013 gẹ́gẹ́ bí MS-20 mini. Ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ ni. Ihò wáyà rẹ̀ kéré, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kéré. Kọ́kọ́rọ́ tó bá ṣẹ́ lára ti 1978, ti mini kò lè wọ̀ ọ́.

Àwọn ohun kan tilẹ̀ wà tí ilé-iṣẹ́ ì báà fẹ́ ṣe padà tí kò ní lè ṣe. Ẹ̀rọ ìlù TR-808 ti Roland, tó jáde ní 1980 tí wọ́n sì ṣíwọ́ rẹ̀ ní 1983 lẹ́yìn nǹkan bí 12,000, tíránsítọ̀ tó ní àbùkù ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lò nínú rẹ̀ nítorí ariwo tó ń ṣe. Kakehashi fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé pé nígbà tí àwọn tó ń ṣe tíránsítọ̀ túbọ̀ já fáfá, tí èyí tó ní àbùkù kò wọ́pọ̀ mọ́, ọ̀nà dí. Iṣẹ́ tó dára sí i ló pa 808.

Ìdíwọ́ mìíràn ni ti ẹni tí ilé-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn kíbọ́ọ̀dù wọ̀nyí ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ilẹ̀ tí ọmọ bàbá kan ń tà lẹ́yìn èkejì. Rhodes, píánò oníná, wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ CBS nígbà kan, Roland rà á ní 1987, Harold Rhodes gba orúkọ rẹ̀ padà ní 1997, ó kú ní 2000, àwọn kan ní England sì gbé MK8 jáde lórúkọ náà ní 2021. Orúkọ Sequential wà lọ́dọ̀ Yamaha títí di 2015 kí Dave Smith tó rí i gbà padà, Kakehashi tí kì í ṣe ará Yamaha ló sì bá a bẹ̀bẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Gibson dá orúkọ Oberheim padà fún Tom Oberheim tó ni ín tẹ́lẹ̀ ní 2019. Orúkọ lè padà, àmọ́ àpótí sípíà àti ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù ti lè tú ká ní ìgbà mẹ́ta kó tó padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dára díẹ̀ ni Hammond. Láti 1935 ni Laurens Hammond ti ń ta dùùrù oníná rẹ̀ ní Chicago, B-3 tó gbajúmọ̀ jù sì parí ní àárín àwọn ọdún 1970. Àwo irin onígẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ ló ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀, mọ́tò kan ló ń yí gbogbo wọn. Òróró díẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń kán sínú ife kéékèèké kí òwú gbé e dé ibi tí irin ti ń yí, ti tó láti mú un wà láàyè. Suzuki ti Japan, èyí tó ń ṣe ohun èlò orin, tó ni orúkọ náà báyìí, kò já okùn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé B-3 wá láti Amẹ́ríkà sí ìjọ rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 60 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa jẹ́ 50. Iyára mọ́tò yẹn sì ń tẹ̀ lé iná. Bí wọ́n bá kàn ra transformer tí wọ́n sì tan án, ohùn á já sílẹ̀ bíi semitone mẹ́ta: atẹdùùrù á tẹ C, ìjọ á gbọ́ A. Transformer ń tún fóltéèjì ṣe ni, kò lè yí Hz padà. Ká má tíì wá sọ ti jẹnẹrétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sáré sókè sódò. Hammond ṣe ẹ̀dà 50 Hz fún ilẹ̀ òkèèrè, òun ni kí wọ́n wá.

Mellotron náà rí ẹni gbà á mọ́ra. Téèpù ló wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó ń dún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Streetly Electronics, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Birmingham ní àwọn ọdún 1960, ṣì ń tún un ṣe, wọ́n ṣì ń ta téèpù rẹ̀. Ẹbí kan náà ni.

Ní ti òfin, ariwo ẹ̀tọ́ láti tún nǹkan ṣe ti pọ̀ ní òkè òkun láti 2022, ṣùgbọ́n kò kan ọ̀rọ̀ yìí tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2024 dárúkọ ẹ̀rọ ìfọṣọ, fíríìjì, fóònù àti irú wọn. Kò dárúkọ ohun èlò orin. Ti Kalifọ́níà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Keje 2024, ní kí ilé-iṣẹ́ máa pèsè sípíà àti ìwé fún ọdún 7 fún ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ tó 100 dọ́là, àmọ́ èyí tó dé ọjà láti Oṣù Keje 2021 nìkan ló kàn. Polysix kò sí níbẹ̀.

Àwọn tí òfin wọ̀nyí á kàn lọ́la ni kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà lónìí, àìsàn tiwọn sì yàtọ̀. PSR-740 tó ń lo fílọ́pì ṣì ní ojútùú. Sony ṣíwọ́ ṣíṣe fílọ́pì ní 2011, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fi USB rọ́pò rẹ̀. Ohun tó le ni ẹ̀rọ tí ìdajì ìṣàkóso rẹ̀ wà nínú áàpù. Nígbà tí Apple kọ áàpù 32-bit, irú áàpù ti àtijọ́, sílẹ̀ lórí iPhone àti iPad ní 2017, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, Mac, ní 2019, àwọn ilé-iṣẹ́ kan tún áàpù wọn kọ, àwọn mìíràn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọn kò tún áàpù rẹ̀ kọ ń tọ́jú Mac àtijọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù wọn, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó má bàa ṣèèṣì gba àtúnṣe tuntun, wọ́n sì ń wá sípíà fún Mac náà pẹ̀lú.